Ìwé Tí Wọ́n Fi Wé Àkàrà

Àkàrà náà gbóná bí ọ̀rọ̀ ìyálé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló mú Àríkẹ́ dúró gbagidi lẹ́bàá agbada. Ìwé tí wọ́n fi wé e ni. Lábẹ́ òróró, àwọn kókó wínníwínní kan ń gún un níka. Ó fọwọ́ tẹ̀ lé e, ó kà á: "Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí Simeon kọ́kọ́ gbé mi jókòó sábẹ́ afárá Abúlé Ẹ̀gbá."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbólóhùn yẹn.

Hóláńdì ni wọ́n ti bí i, Marijke ni wọ́n sọ ọ́. Ahọ́n Ìgándò kọ̀ ọ́, wọ́n sọ ọ́ di Àríkẹ́. Láti kékeré lojú rẹ̀ ti fọ́. Ọdún mẹ́jọ ló fi gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ afọ́jú tí wọ́n ń kó ṣagbe, tó ń fi bíréèlì, ìwé tí ìka ń kà, kọ ọ́ sílẹ̀. Aago méjì ọ̀sán òní ni ìgbìmọ̀ kan ń retí rẹ̀ ní Ìkòtún. Bí ìwé náà bá dé, ọlọ́pàá yóò mú ẹni tó ń kó wọn. Bí kò bá dé, ó parí.

"Ìdíátù, níbo lo ti rí ìwé yìí?"

"Ṣebí ilé yín ló ti wá, Ìyá Òyìnbó! Naomi yín ló kó o wá láàárọ̀. Ìwé tó mọ́ tónítóní, kò ní yíǹkì kankan. Ṣé kí n bù sí i?"

"Èyí tó kù dà?"

"Àwọn oníbàárà ti gbé e lọ jàre. Ẹ bá wọn dé ààtàn."

Àríkẹ́ fi ọ̀pá wá ọ̀nà ilé. Ó ti dárí ji Naomi kó tó dé kọ́nà. Ọmọ àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀ ni, òun ló ń dáná fún un. Bó bá ní kó kọ́ bíréèlì, á ní, "Mọ́mì, ojú mi ń ṣiṣẹ́ o." Olójú rí ìwé, ó ní òfìfo ni. Àṣìṣe ni.

Ó ki ọwọ́ bọ inú àpótí. Ojú ìwé kìíní dé ogójì, ó pé. Kẹtàléláàádọ́ta dé igba, ó pé. Méjìlá péré ló sọnù láàárín, àwọn tí orúkọ Simeon wà nínú wọn. Simeon, ọkọ Naomi.

Bí ikú ilé kò pani...

"Naomi, ta ló kọ́ ẹ ní bíréèlì?"

Abọ́ kan já bọ́ nílé ìdáná.

"Ẹ̀yin náà ni, Mọ́mì. Ẹ máa ń kà á sókè. Bẹ́ ẹ bá lọ wẹ̀, èmi náà á fọwọ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, mo ń ka èyí tẹ́ ò kà sókè."

Àríkẹ́ la ẹnu. Èpè ló fẹ́ ṣẹ́, èpè olójú mẹ́fà. Ohun mìíràn ló jáde.

"Ó dùn?"

Naomi fọn ikun imú. "Kẹtàdínláàádọ́ta. Ibi tọ́mọ yẹn ti ń kọrin fáwọn mọ́tò tí kò lè rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sunkún."

"O sì kó o fún alákàrà."

"Ọkọ mi ni, Mọ́mì."

Ọdún mẹ́jọ, òǹkàwé kan ṣoṣo. Àríkẹ́ jókòó lórí àpótí, àkàrà ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ìbínú nínú ara rẹ̀ títí. Ohun tó bá níbẹ̀ dẹ́rù bà á: inú rẹ̀ ń dùn.