Tísà Má-Ṣẹ́jú àti Bọ́ọ̀lù Irin

Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀ ọ́n sí Má-Ṣẹ́jú. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ o; àwọn ọmọ kíláàsì ló fún un, ó sì mọ́ ọn lára ju ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ lọ. Físíìsì ló ń kọ́ wọn. Lọ́dọọdún, tó bá ti kan ẹ̀kọ́ lórí agbára, á lọ yá bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n máa ń jù nígbà eré ìdárayá, á gbé e sínú àwọ̀n, á fi okùn so ó kọ́ igi àjà. Á fẹ̀yìn ti ògiri, á fa irin náà títí á fi kan imú rẹ̀, á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin á fì lọ sí òdìkejì yàrá, á tún fì padà wá síbi imú tó ti gbéra. Àwọn ọmọ á pariwo, àwọn tó wà níwájú á fọwọ́ bojú. Tísà ò ní ṣẹ́jú. Irin á dé iwájú imú rẹ̀, á dúró díẹ̀, á padà sẹ́yìn.

"Ibi tó ti gbéra ló lè dé mọ," á wí. "Agbára tí ẹ ò fún un, kò níbi tó ti máa rí i. Èèyàn lè purọ́, òfin yìí kì í purọ́."

Àṣírí kan wà níbẹ̀ ṣá. Bí ojú ò ti ń ṣẹ́ yẹn, àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ká jọ nínú bàtà. Ta ló fẹ́ wo bàtà? Irin tó wúwo bí ọmọ tuntun ń bọ̀ wá bá ọ lójú, o ní ẹ̀rù ò bà ọ́. Irọ́ lo pa!

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ yí. Ìjọba sún ìbò síwájú lẹ́ẹ̀kejì, ará ìlú bọ́ síta, àwọn sójà yìnbọn. Rédíò ní òkè ni wọ́n yìn ín sí, pé wọ́n kàn fi dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni. Òkè! Ẹ dákun, ohun tó bá lọ sókè, ṣé òkè ló máa sùn? Àkọ́bí Tísà ò sí lára àwọn tó ń wọ́de. Orí dẹ́ẹ̀kì ilé wọn lókè ló wà, ní àdúgbò kejì sí ibi ìwọ́de, aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá ló ń ká. Ọta kan já bọ́ láti ojú ọ̀run, ó bà á ní àtàrí. Aṣọ ṣì wà léjìká rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá a. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Àwọn tó yìnbọn tiwọn yìí, ará ilé ẹlòmíràn ló bà, wọ́n sì lọ jẹun alẹ́.

Ìyàwó Tísà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Tísà ò sunkún. Kì í ṣe pé ó ń ṣe akin o. Ó wá ẹkún náà tì ni. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́: o mọ̀ pé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbá a, àfi bíi ti aládùúgbò. Ó mu tíì gbígbóná, ahọ́n rẹ̀ bó, kò mọ̀. Àwọn tó wá kí i ń wí pé, "Ẹ kú àmúmọ́ra, Tísà, ẹ ṣe ọkùnrin." Ó ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń wò ó. Kíláàsì bàbá rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà wà, àdéhùn wọn sì ni pé "Sà" ni á máa pè é ní ilé ìwé, "Bàbá mi" nílé. Láti ọjọ́ ìsìnkú, "Sà" ló ń pè é níbi gbogbo. "Sà, oúnjẹ ti délẹ̀." "Sà, mo ti ti ilẹ̀kùn." Ìyá rẹ̀ bá a wí títí, kò gbọ́.

"Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú tí kò dùn ún," ló sọ fún ìyá rẹ̀ ní yàrá, ohùn rẹ̀ sì dé pálọ̀, "kí ni kí n tún máa pè é?"

Tísà gbọ́. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá tètè wá nǹkan ṣe, ọmọ kan ṣoṣo tó kù yìí náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ìdáhùn ìṣirò. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ilé ìwé pè é sí kọ̀rọ̀. "Tísà, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, físíìsì ni tiwa o. Ẹ bá wa fi ìròyìn sílẹ̀ fún onírédíò." Tísà ní kò burú.

Ẹ̀kọ́ lórí agbára ló kàn. Ó so irin kọ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin lọ, irin bọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, ó padà. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Tísà wo bàtà ara rẹ̀. Ìka kan ò ká.

Ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Oníbéèrè, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó nawọ́ sókè. "Sà, ọta ìbọn tí wọ́n bá yìn sókè ńkọ́?" Ẹni tó jókòó tì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà, ó wá rántí ẹni tó ń bi, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìbéèrè dáadáa ni," ni Tísà wí. "Bó ṣe ń lọ ni eré rẹ̀ á máa dínkù. Á dúró, á sì máa bọ̀ wálẹ̀. Atẹ́gùn ò ní jẹ́ kó fi gbogbo eré tó bá lọ padà wá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó kù á tó fọ́ agbárí." Ohùn tó fi ń pe orúkọ wọn láràárọ̀ náà ló fi sọ ọ́.

Ọmọ rẹ̀ dìde lẹ́yìn kíláàsì.

"Sà, mo fẹ́ dúró síbẹ̀ yẹn."

Kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀ rí àfi Tísà. Ó ní kó máa bọ̀. "Fẹ̀yìn ti ògiri. Má tì í, jọ̀wọ́ rẹ̀ lásán. Má tẹ̀ síwájú. Kò lè kàn ọ́."

"Wọ́n ní òkè náà ni wọ́n yìn ín sí, Sà."

Ọmọ náà fa irin dé imú ara rẹ̀, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Irin fì lọ. Ọmọ náà ò kúrò lójú kan, kò sì ṣe àṣìṣe kankan. Irin dé òdìkejì, ó yí padà, ó ń bọ̀. Tísà wá wo ojú ọmọ rẹ̀. Irin kọ́ ni ọmọ náà ń wò. Òun Tísà ló ń wò.

Kò mọ ìgbà tó fò. Ó bọ́ sáàárín irin àti ọmọ, ó gbá ọmọ mọ́ àyà, irin sì bà á léjìká, gbì!

"Yéè! Ọmọ mi o!"

Àwọn méjèèjì wó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Gbogbo kíláàsì ti dìde. Èjìká ń dun Tísà, ahọ́n tó bó ń dùn ún, gbogbo ibi tó yẹ kó ti dùn ún láti ọjọ́ náà ló dùn ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sunkún níṣojú àwọn ọmọ tó ń kọ́, ẹkún gidi, imú ń ṣàn.

"Kì bá tí kàn mí," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Mi ò kúrò lójú kan."

"Mo mọ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀." Kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà fi apá aṣọ ilé ìwé rẹ̀ nù ún lójú. "Ẹ rọra, Bàbá mi," ó wí. "Ẹ rọra pẹ̀lú èjìká yẹn." Irin ṣì ń fì, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí láti dá a dúró.