Wáàtì Ọjà

Ẹgbẹ̀rún kan wáàtì ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn sólà náà. Wọn ò sì kọ ọ́ wẹ́wẹ́ o! Gàdàgbà-gadagba ni, lẹ́tà pupa, ó ń dán. Mùtíátù ti nu ún, ó ti wò ó lóròó, ó ti wò ó níbùú, ẹgbẹ̀rún kan náà ló wà níbẹ̀. Síbẹ̀, fáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ tún ti dúró, ẹ̀ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

"Ó tún ti kú?" ni ìyá rẹ̀ béèrè láti orí ibùsùn.

"Kò kú, Màámi. Ó ń sinmi ni."

"Èmi tí mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, n ò tíì sinmi tó yẹn rí."

Mùtíátù mú abẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìyá rẹ̀. Inú ń bí i débi pé ìyá ní kó rọra, pé òun kì í ṣe ẹ̀yinná.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Yàrá tí Àyìnkẹ́, ìyá rẹ̀, ń sùn ní Ìta Fájì kò ní ju fèrèsé kan lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni fèrèsé náà sì dojú kọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà nìkan ni àyè wà fún jẹnẹrétọ̀ wọn. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, fáànù á yí, èéfín á sì wọlé, ìyá arúgbó á wúkọ́ títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, ooru á gba inú yàrá, èémí á máa nira fún un. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò: ìyá yìí ò gbọdọ̀ fa èéfín mọ́, ooru náà ò sì dáa fún un.

Fàtáì, ẹ̀gbọ́n Mùtíátù, tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ó gbọ́ ikọ́ náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Mùtí, ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún ọ. Tí mo bá padà dé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, tí mo bá Màámi nínú èéfín tàbí nínú ooru yìí, mò ń gbé wọn lọ." Ìyá fárígá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. "Kí ni kí n lọ máa wò ní Ìjẹ̀bú-Igbó? Igi?" Mùtíátù náà ò lè ro ilé yẹn láìsí ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ohùn obìnrin yìí ló ń jí i láràárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni.

Ìdí nìyẹn tó fi ra sólà lórí fóònù. Wọ́n ní ó ń gbé fáànù, ó ń gbé fíríìjì, ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n ní ó ń gbé ọmọ pọ̀n. Bátìrì kékeré kan àti ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé bá a wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbé e dé, Mùtíátù sì rí i pé kò tóbi ju atẹ tí òun fi ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé nǹkan ń bẹ. Ó ní kí ọkàn náà panu mọ́, pé nǹkan ìgbàlódé kì í tóbi.

Ẹ wá wo ìmọ̀ràn! Gbogbo ará ilé di ẹnjiníà. Ẹnì kan ní eruku ló bò ó. Mùtíátù fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun. Ẹnì kan ní kó kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn, ẹlòmíì ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹnì kan tilẹ̀ bi í bóyá ó ṣe bísímílà kó tó tan án. Haleem, ọmọkùnrin tó tà á fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní lórí fóònù: "Mummy, ṣé oòrùn ń kàn án dáadáa?" Ẹ gbà mí o! Ní Ìta Fájì, níbi tí ilé ti ń fi èjìká gún ilé, tí oòrùn kì í lò tó wákàtí méjì lórí òrùlé ẹnikẹ́ni, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí oòrùn dáadáa?

Bó ṣe di Ọjọ́bọ̀ nìyẹn tí obìnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta gbé sólà rù, tó ń wá oòrùn kiri Ìsàlẹ̀ Èkó. Èbúté Èrò ló gbé e lọ, síwájú ìsọ̀ ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́bàá omi, níbi tí kò sí ilé tó dí oòrùn lọ́nà. Ẹni mẹ́ta ló bi í lójú ọ̀nà pé èló ni dígí náà.

Bàbá Septimus ti ń dúró dè é níbẹ̀. Ọmọ Àgùdà ni, ilé wọn àtijọ́ ló kọjú sí ilé Mùtíátù, ogójì ọdún ló sì fi ṣiṣẹ́ iná kó tó fẹ̀yìn tì. Mùtíátù ti bẹ̀ ẹ́ kó mú mítà rẹ̀ wá, kó fi bá òun wo ohun tó ń ṣe sólà náà. Bàbá jókòó sórí àpò ẹ̀wà, ó gbé mítà lé itan.

Ṣùgbọ́n oníbàárà ló kọ́kọ́ dé. Angela ni, tó ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé kan. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń ra kọ́ńgò ẹ̀wà mẹ́wàá, gbogbo Ọjọ́bọ̀ náà ló sì máa ń ráhùn.

"Ìyá Ẹlẹ́wà, mẹ́wàá tí mo rà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo wọ̀n ọ́n nílé, kò pé mẹ́jọ."

"Kọ́ńgò ilé lo fi wọ̀n ọ́n nìyẹn," ni Mùtíátù fèsì, bó ṣe máa ń fèsì láti bí ogún ọdún. "Èyí, kọ́ńgò ọjà ni. Gbogbo ọjà ló mọ̀."

Kò sì parọ́, gbogbo ọjà ló mọ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba kọ́ńgò náà, ìdí rẹ̀ sì ti wọnú díẹ̀ nígbà tó gbà á. Ẹ̀wà wọ́n lọ́dún kan, Mùtíátù fi ọmọ ọlọ lù ú wọnú díẹ̀ sí i. Epo bẹntiróòlù wọ́n, owó ọkọ̀ lọ sókè, ó tún lù ú díẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀? Ó ṣáà máa ń fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí gẹ́gẹ́ bí èènì. Kọ́ńgò ta ni ìdí rẹ̀ ò wọnú ní Èbúté Èrò?

Nígbà tí Angela ń di àpò rẹ̀ lẹ́nu, Bàbá Septimus fi okùn mítà kan okùn sólà. Oòrùn mú ganrínganrín. Bàbá wo mítà, ó yọ pẹ́ńsù létí, ó ṣe ìṣirò sẹ́yìn páálí kan.

"Mọ́kànlélógójì," ó ní.

"Mọ́kànlélógójì kí ni?"

"Wáàtì."

"Bàbá Septimus, ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ wò ó o. Àbí ẹ ò rí i?"

"Mo rí i. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé kọ."

"Mítà yín ti gbó ni."

"Èmi náà ti gbó, Mùtí, ṣùgbọ́n n kì í purọ́." Bàbá fi ìka gbá sólà náà. "Gbọ́. Sólà tó bá máa mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì wá, ó ń tó ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn méjì ló máa fún ọ ní ẹgbẹ̀rún. Èyí tí kò ju atẹ yìí lọ, ká tiẹ̀ ní ó lè gbé gbogbo oòrùn tó bọ́ sórí rẹ̀ mì, kò ní dé ọ̀ọ́dúnrún. Gbogbo wọn ló sì ń kọ ẹgbẹ̀rún. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Gílóòbù àti fóònù, ó lè gbé wọn. Ṣùgbọ́n fáànù, tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú bátìrì tí irọ́ inú tirẹ̀ náà ò kéré yìí? Má tan ara rẹ jẹ."

Orí Mùtíátù gbóná. Ẹni a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ó pe Haleem, ó sì ṣe fóònù náà kó máa ké síta, kí gbogbo èèyàn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọmọlúàbí ṣe mùgùn.

"Haleem! Mọ́kànlélógójì!"

"Ẹ káàsán, Mummy. Mọ́kànlélógójì kí ni?"

"Wáàtì! Ìwọ lo kọ ẹgbẹ̀rún síbẹ̀!"

"Mummy, ẹ fara balẹ̀. Ẹgbẹ̀rún yẹn, orúkọ rẹ̀ ni."

"Orúkọ? Ṣé ìsọmọlórúkọ la pe ara wa sí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ wá nìyẹn, Mummy. Tí èmi bá kọ mọ́kànlélógójì, tí àwọn tó kù kọ ẹgbẹ̀rún, ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi? Wáàtì ọjà ni. Gbogbo ọjà ló mọ̀."

Angela ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó wo fóònù, ó wo kọ́ńgò tó wà lọ́wọ́ Mùtíátù, ẹ̀rín náà sì tún gbé e lọ.

"Ìyá Ẹlẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó tún un sọ."

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Mùtíátù béèrè, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là sílẹ̀ láti bú Haleem. Olè wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. Òpùrọ́ wá, ó gbé ìyẹn náà mì. Kò sí èébú kan tó fẹ́ rán lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà tí kò ní kọ́kọ́ yà kí òun.

"Mò ń dá a padà fún ọ," ló rí sọ.

"Ẹ ti ṣí páálí rẹ̀, Mummy, a kì í gbà á padà mọ́. Ẹ kúkú ra ẹyọ kan sí i. Màá fi okùn ṣe èènì fún yín."

Èènì! Mùtíátù pa fóònù. Bàbá Septimus ti ń di mítà rẹ̀ sínú àpò, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé, Mùtíátù ò jókòó. Ó gbé ibùsùn ìyá rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó tẹ aṣọ tútù sára fèrèsé. Ó gbé sólà sórí òrùlé láàárọ̀, ó gbé e lọ sí Èbúté Èrò lọ́sàn-án, ó tún gbé e padà, kí bátìrì lè rí nǹkan mu. Fáànù á yí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, á sì dákẹ́. Nígbà tó bá dákẹ́, abẹ̀bẹ̀ ló kù. Èjìká rẹ̀ ń ro ó, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́, torí ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Fàtáì dé lọ́jọ́ Àìkú. Ó bá ìyá rẹ̀ tó ń mí gúlegúle, ó bá àbúrò rẹ̀ tó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, òógùn bò ó. Kò jà. Ìyẹn ló dun Mùtíátù jù. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ìyá wọn sínú àpò.

Ìyá jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo sólà tí wọ́n gbé ti ògiri.

"Ta ló tiẹ̀ ta nǹkan yìí fún ọ?"

"Ọmọ aláìlójútì kan lórí fóònù ni, Màámi."

"Nígbà tí o bi í léèrè, kí ló wí?"

"Ó ní wáàtì ọjà ni. Ó ní gbogbo ọjà ló mọ̀."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, Fàtáì sáré gbé omi wá, ìyá sì na ọwọ́ pé kó dúró.

"Ibo ni ọmọ yẹn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi?"

"Ọ̀rọ̀ yín kẹ̀, Màámi?"

"Ọ̀rọ̀ mi ni. Lọ́dún tí bàbá yín kú, tí wọ́n lé Fàtáì wálé láti ilé-ìwé, mo fi ọmọ ọlọ lu ìdí kọ́ńgò yẹn. Obìnrin kan bínú sí mi lójú gbogbo ọjà. Mo ní kọ́ńgò ọjà ni, bó ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn. Ojú tì mí, ó ń tì mí dòní." Ó mí, ó tún dúró kó lè mí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lù ú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí o gbé e wálé fọ̀, mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mùtí, èyí tó kù, ta ló lù ú?"

Mùtíátù gbé àpò ẹrù ìyá rẹ̀. Fàtáì gbé ìyá wọn dìde, wọ́n rọra ń lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Ìyá ń kí àwọn ará àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ fún wọn pé òun ń lọ wo igi. Mùtíátù di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú títí Fàtáì fi ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, ó pẹ́ kó tó dé ọjà, torí kò sẹ́ni tó bú u jí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ́ńgò lélẹ̀, ó fi ọmọ ọlọ lù ú láti inú, kó lè ti ìdí rẹ̀ jáde padà. Irin náà ń dún, ó jáde díẹ̀, ó wá kọ̀. Bó bá lù ú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò là. Ó jókòó, ó ń wò ó, inú ń bí i sí irin, inú ń bí i sí ara rẹ̀.

Angela yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ẹ̀wà tán láìròtẹ́lẹ̀, pé òun fẹ́ kọ́ńgò méjì. Ó ti múra ìráhùn sílẹ̀, èèyàn rí i lójú rẹ̀. Mùtíátù bu kọ́ńgò kan, ó dà á sínú àpò. Ó fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn, ó tún bu òmíràn, ó ń dà á sínú àpò láìgbójú sókè.

"Ìyá Ẹlẹ́wà, èènì kí ló pọ̀ tó báyìí?"

"Kì í ṣe èènì," Mùtíátù wí, ó sì tún ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà. "Tìsàlẹ̀ kọ́ńgò nìyẹn."