Ilẹ̀kùn Gbọ̀ngàn Palatine

Ní aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, lówùúrọ̀ ọjọ́ tí àwo orin ẹgbẹ́ olórin Redwater pé àádọ́ta ọdún, Glenys Ormerod sọ ohun tó ti fi pamọ́ láti kékeré lórí rédíò, gbogbo ìlú Burnley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́, títí kan ìyá rẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú ìgbà náà, òun àti Callum Haworth, ọ̀gá iléeṣẹ́ rédíò àdúgbò náà, ṣì ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́tùlù.

"Mi ò ní kà á," ni Glenys wí.

"Glenys, ẹ jọ̀ọ́. Àádọ́ta ọdún ni. Gbogbo ayé ló ń ṣe é lónìí. Burnley ni wọ́n ti gba àwo yẹn sílẹ̀, ṣé rédíò Burnley ló máa wá dákẹ́?"

"Nígbà tó pé ọdún mẹ́tàdínlógún, ta ló bi mí?"

"Ta ló ń ṣe ayẹyẹ ọdún mẹ́tàdínlógún?"

"Ohun tí mò ń bi ọ́ nìyẹn."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Glenys ti ń ṣe ètò tí wọ́n ń pè ní Òní Lọ́jọ́ Náà. Láràárọ̀, á ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn orin rọ́ọ̀kì àti orin pọ́ọ̀pù: ẹni tí wọ́n bí, àwo tó gba ipò kìíní, ẹgbẹ́ tó tú ká lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Inú páálí bàtà ló ń kó àwọn káàdì rẹ̀ sí, káàdì kan fún ọjọ́ kan. Káàdì ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta kò ní orúkọ Redwater nínú. Ọjọ́ ìbí afọnfèrè kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́ ló máa ń kà lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rí. Ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún ò ṣeé fi pamọ́ sínú páálí bàtà.

Ọdún 1976 ni Redwater gba àwo náà sílẹ̀ lójú èrò, ní Gbọ̀ngàn Palatine. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni tó kọrin rárá: ariwo èrò, àti nǹkan kan tó ń dún gbì, gbì, gbì lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé gbà pé ẹsẹ̀ ni, pé inú àwọn ọmọ Burnley ló dùn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi yòówù kí Redwater ti ṣeré, èrò á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn olórin tó jáde. Bàbá ń fi kọ́ ọmọ.

Glenys mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni lọ́jọ́ náà. Òun àti Avril, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú gbọ̀ngàn pẹ̀lú nǹkan bí irínwó èèyàn tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn inú pa nítorí pé ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi gba orin sílẹ̀ kò tíì ṣe tán. Àwọn tó wà lójú títì ò mọ̀, wọ́n ń ti àwọn tó wà níwájú. Avril gbé àbúrò rẹ̀ sókè, ó gbé e jókòó sójú fèrèsé tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Orí àwọn èèyàn nìkan ni Glenys ń rí látibẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún mọ́ ilẹ̀kùn ń fi ìkúùkù lù ú kí wọ́n lè ṣí i. Wọ́n lù ú títí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, tí gbogbo èèyàn ya wọlé, Avril ò dìde nílẹ̀.

Adájọ́ tó wádìí ikú rẹ̀ ní ikọ́ fée ló pa á. Avril ní ikọ́ fée lóòótọ́. Ó parí síbẹ̀.

Nítorí Hilda, ìyá wọn, ni Glenys ò ṣe sọ̀rọ̀. Hilda gbà pé àárín ijó ni ikọ́ ti mú ọmọ òun. Ó ra àwo náà lọ́sẹ̀ tó jáde. Lọ́dọọdún, tó bá di ọjọ́ ìbí Avril, á gbé e sórí ẹ̀rọ, á gbọ́ ìṣẹ́jú kan yẹn, á sì gbé abẹ́rẹ́ kúrò kí orin tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò fẹ́ràn orin náà rárá. "Gbọ́ bí inú wọn ṣe dùn tó," á wí. "Avril mi wà níbẹ̀." Glenys á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ìgbà mọ́kàndínláàádọ́ta ló ti sọ 'Bẹ́ẹ̀ ni' yẹn.

Callum da omi gbígbóná sínú ife. "Wọ́n ti fọ ohùn àwo náà mọ́ fún àádọ́ta ọdún yìí. Èèyàn lè gbọ́ ohùn lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Ìdíje tiwa nìyẹn: 'Ṣé ohùn ẹ wà nínú ariwo yẹn?' Ẹni tó bá pè wá á gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Lenny Straker tó ń kọrin fún wọn máa wà lórí fóònù fúnra rẹ̀."

"O mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi kú?"

Callum gbé ife sílẹ̀. "Mo gbọ́ ọ. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ikọ́ ni, àbí? A tiẹ̀ lè fi ètò náà rántí wọn. Àwọn èèyàn máa fẹ́ràn ẹ̀."

"Àwọn èèyàn máa fẹ́ràn ẹ̀." Glenys wò ó láti òkè délẹ̀. "Callum, ikun ṣì ń dà nímú bàbá tó bí ọ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí."

"Ẹ má bú bàbá mi."

"Mi ò bú u. Ó gbọ́n jù ọ́ lọ."

Síbẹ̀, ó wọlé lọ jókòó. Ó ní òun á ka ìlà mẹ́ta tí wọ́n kọ fún òun, òun á sì dákẹ́. Ó mọ̀ pé Hilda ti wà nídìí tábìlì pẹ̀lú tíì àti rédíò, bó ṣe máa ń wà láràárọ̀.

Ó kà á. Wọ́n gbé ariwo náà sáfẹ́fẹ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ lóòótọ́. Ìkúùkù lórí pákó ń dún gbì, gbì, gbì nínú ẹ̀rọ tó fi bo etí, ọmọbìnrin kan sì ń ké lábẹ́ rẹ̀. Kò lè mọ̀ bóyá Avril ni.

"Ẹ̀yin ará Burnley!" Lenny Straker ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. "Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. A wà lẹ́yìn aṣọ ìtàgé, à ń mu bíà. Ẹnì kan sá wá bá wa pé ṣé kí àwọn ṣí i, mo ní rárá o, ẹ má tíì ṣí i, ẹ̀rọ ti ń gbà á sílẹ̀, ó dùn jù!"

"Kí ni wọn ò gbọdọ̀ tíì ṣí, ọ̀gbẹ́ni?" ni Glenys bi í.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ẹ ní kí wọ́n má tíì ṣí i. Èèyàn tó bá ti ń jó nínú gbọ̀ngàn, kí ló tún fẹ́ kí wọ́n ṣí fún òun?"

Glenys fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra.

"Ilẹ̀kùn ni," ni Glenys wí. "Kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìkúùkù ni. Mo wà níbẹ̀. Èrò ń fún wọn pa, wọ́n ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣí i. Avril Ormerod kú nídìí ilẹ̀kùn yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ìwọ lo ní kí wọ́n má ṣí i. Àádọ́ta ọdún lo ti fi igbe ẹ̀gbọ́n mi jẹun, o sì ní ó dùn."

Callum wà lẹ́yìn gíláàsì, ó ń fi ìka gé ọrùn ara rẹ̀ pé kó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó pa ohùn Glenys, ó sì fi orin míì sí i.

"Ẹ lọ sinmi ná," ló wí nígbà tí Glenys jáde. Kò lè wò ó lójú. "Àwọn lọ́yà máa pè."

"Jẹ́ kí wọ́n pè."

Ó gbé páálí bàtà rẹ̀, ó jáde sínú òjò. Ó rìn kọjá ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró kó tó padà síbẹ̀. Orí bọ́ọ̀sì ló ti rántí ìyá rẹ̀.

Hilda ṣì wà nídìí tábìlì. Ó ti pa rédíò. Tíì rẹ̀ ti tutù.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ náà."

Hilda mi orí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni. "O gbé e fún àádọ́ta ọdún," ló wí. "Èmi tí mo ti fẹ́ẹ̀ lọ yìí. Kí ló dé tí o ò lè gbé e títí màá fi lọ?"

Glenys gbé ife tíì tó ti tutù náà, ó lọ dà á nù.

Wọn ò pè é padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin, Redwater ṣeré ní Manchester. Wọ́n ní kí èrò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí Avril, wọ́n sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún èèyàn fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, gbì, gbì, gbì, Lenny Straker sì jáde sí wọn.

Nígbà tó di ọjọ́ ìbí Avril, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, Hilda ṣe kéèkì bó ṣe máa ń ṣe é. Glenys gbé ẹ̀rọ àwo sórí tábìlì, ó nu eruku rẹ̀, ó yọ àwo náà nínú àpò rẹ̀, ó sì dúró.

"Gbé e padà," ni Hilda wí.

Wọ́n jẹ kéèkì náà. Inú àwo yẹn nìkan ni ohùn Avril ti ṣẹ́kù fún Hilda láyé, kò sì lè gbọ́ ọ mọ́.