Ojú Ewé Tí Modúpẹ́olúwa Ń Fò

"Kí ló dé tí o dákẹ́?" Bàbá béèrè.

Modúpẹ́olúwa ní òun ń wá ojú ewé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ owó sí nínú ìwé ìròyìn ni. Irọ́ ni. Ojú ewé ọ̀hún ló ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí itan rẹ̀: ìjọba ti ti ilé-iṣẹ́ tí Bàbá kó owó sí ní Èkó pa, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ti na pápá bora.

Láti ìgbà tí ojú Bàbá, ìyẹn Lásúnkànmí, ti fọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ló ń kàwé ìròyìn fún un láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé tó ti ń ṣe tíṣà. Bàbá kì í ṣe olówó ńlá o. Obì ló tà títí tó fi kọ́lé sí Ọ̀fin ní Ṣàgámù, tó ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan, tó sì kó èyí tó kù fún àwọn ará Èkó ọ̀hún tó ń san èlé lóṣooṣù. Bí wọn ò bá ti ka ọ̀rọ̀ owó fún un, kò gbọ́ ìròyìn kankan lójọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó pe Modúpẹ́ sí kọ̀rọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti le jù, kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ burúkú dé etí rẹ̀. Ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á kà. Bí owó ìpín bá já wálẹ̀, ó fò ó. Nígbà tí èlé kò wá mọ́, tí ìwé ìròyìn sì ń kùn, ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá ló gbé jáde, tó ka bí wọ́n ṣe yin ilé-iṣẹ́ ọ̀hún. Inú Bàbá dùn, ó ní báńkì ló ń fi èlé òun falẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pa bàbá rẹ̀?

"Kà á jàre," Bàbá ní. "Fábíyìí ń retí ohun tí mo bá gbọ́. Ó ti kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ọ̀rẹ́ Bàbá ni Fábíyìí, tíṣà àtijọ́ ní Ìsarà, òun ló kọ́ Modúpẹ́ gan-an níwèé. Kò ní nǹkan mìíràn láyé ju owó yẹn lọ.

"Bàbá mi, ta ló ní kí wọ́n kó o lọ?"

"Èmi ni. Ohun tí o kà fún mi ni mo sọ fún un."

Modúpẹ́ gbé ìwé ìròyìn náà sókè, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò fo nǹkan kan. Nígbà tó parí, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo bó ṣe ń ṣe é, ó sì ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá di ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin, ó ń mí gúlegúle.

Modúpẹ́ ní kí àwọn ránṣẹ́ sí Ìsarà. Bàbá kọ̀, ó mirí.

"Fún mi ní fìlà mi. Ìwọ lo máa kà á fún un."

Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Bàbá dúró.

"Àwọn èyí tí o ti fò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

Abẹ́ ìbùsùn Modúpẹ́ ni àwọn ìwé ìròyìn ọ̀hún wà. Ó padà wọlé lọ kó wọn.