Orin Tó Yára Ju Ìgúnpá Lọ

Níbi tí a ti ń yan gàrí ní Ìwéré-Ilé, ẹni tó bá wà nídìí agbada iwájú ló ń lé orin. Èmi Àwáwù ni, ohùn mi sì dùn, ẹ má bá mi jiyàn! Bí mo bá ti lé e, àkúfọ́ igbá ọwọ́ gbogbo wa á máa yí gàrí tẹ̀lé e: ṣà-ṣà-ṣà.

Àfi bí ìgúnpá ọ̀tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára, ó wá di bí ẹni fabẹ́rẹ́ gún mi. Búútà àlùwàlá lásán, mi ò lè gbé e mọ́. Mo ní làkúrègbé ni. Mo fi òrí gbígbóná ra á, mo wá yan gàrí kíkankíkan, kí ìrora lè bá òógùn jáde. Ló bá tún le sí i!

Àdìjátù, tó wà nídìí agbada kejì, ń wò mí bí ológbò tó rí ẹja.

"Ìyá Ràmọ́nì, ẹ dìde jàre. Ẹ jẹ́ kí n gba orin."

"Orin wo? Ìwọ tí ohùn rẹ ń ké bí ilẹ̀kùn tí ò lépo!"

Ẹnu lásán ni mo fi ń dáhùn o. Bí agbada iwájú bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ta ni màá máa kọrin fún?

Mo gba ọ̀dọ̀ Beauty lọ, nọ́ọ̀sì wa. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ìta ìgúnpá mi, mo figbe ta. Ó ní kí n ṣe bí mo ṣe ń yan gàrí. Mo lé orin, mo ń yí afẹ́fẹ́. Ẹ̀rín pa á.

"Màmá, kì í ṣe làkúrègbé. Iṣan tó so ẹran apá mọ́ egungun ìgúnpá lẹ lò jù. Ohun kan náà látàárọ̀ dalẹ́, kò ráyè tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná. Tẹ́ ẹ bá padà, ẹ dín eré orin yẹn kù, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ ọwọ́."

"Ọwọ́ òsì? Sí oúnjẹ?" Láti kékeré ni wọ́n ti ń lé ọwọ́ òsì wa kúrò nídìí oúnjẹ.

"Igbá ló ń kan gàrí, Màmá, kì í ṣe ọwọ́."

Mo sinmi títí ìrora fi rọlẹ̀. Àdìjátù gba orin; ó sáré, gàrí jóná, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìgbà tí mo padà, mo figbá sọ́wọ́ òsì.

"Háà! Wọ́n ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"

"Ilé bàbá mi ò sí nínú agbada, Àdìjátù."

Mo wá lé tuntun, jẹ́jẹ́:

Ọ̀tún, jókòó kó o sinmi,
Òsì, dìde, iṣẹ́ yá.
Gàrí wa ò ní jóná o,
Ìgúnpá ò ní ké.

"Kò ní ké!" ni wọ́n gbè é.

Àdìjátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra pààrọ̀ ọwọ́.

"Ó pẹ́ tí tèmi náà ti ń ta mí," ló wí, ló bá gbe orin.