Lẹ́tà Tí Kò Tíì Lórúkọ

Ìwé mẹ́ta péré ni káfíńtà náà kà. Tó bá fẹ́ ka nǹkan nílé ìwòsàn, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń rìn. Àmọ́ èdè tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fúnra rẹ̀ hùmọ̀ láti kékeré, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà bíi tirẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti sọ àwọn lẹ́tà rẹ̀ lórúkọ: èyí tó tẹ̀ kọrọdọ ń jẹ́ Ìkọ́, èyí tó léyín ń jẹ́ Ayùn. Ọmọ á yà á, bàbá á sọ ọ́ lórúkọ.

Ní báyìí tí àìsàn ti gba ohùn ọmọ, èdè yẹn náà ló ń kọ sórí bébà. Nọ́ọ̀sì á yí i síwá, á yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, kí ló wí?"

"Ó ní ẹ̀ bá ti ṣe káfíńtà, bẹ́ ẹ ṣe ń gún èèyàn yìí."

Ó ku lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ yà á, ó nà án sí i.

"Ó dọ̀la, ìyá mi," ni bàbá wí.

Ẹ̀rù ló ń bà á. Lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, tó bá ti kan àga tán, ẹni tó ni ín á wá gbé e lọ. Èyí tó bá wù ú jù, á fi ìṣó kan sílẹ̀ láìkàn, á ní òun ò tíì parí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ kọ̀wé sí i: "Bàbá, orúkọ ni mo ní kẹ́ ẹ sọ, mi ò ní kẹ́ ẹ gbé òkè."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú, pẹ́ńsù bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Bàbá fi há a láàárín ìka, ó tún bọ́. Ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, orúkọ ń tú lẹ́nu rẹ̀ wótòwótò.

"Ìlẹ̀kùn! Rárá, Gúlù! Fèrèsé! Àpótí ń kọ́? Ìyá mi, èwo lo mú? Ṣẹ́jú fún mi."

Ọmọ ṣẹ́jú. Bàbá ò mọ èyí tó ṣẹ́jú fún.

Ó tún padà bẹ̀rẹ̀ látorí Ìlẹ̀kùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró, ó ń wò ó. Ojú náà là sílẹ̀, kò mì mọ́. Ó pe Gúlù. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ kọjá lórí èjìká rẹ̀, ó rọra pa ojú ọmọ dé.

"Ó ti tó, Bàbá."

"Ẹ dúró ná," ló wí. "Ó ku méjì tí mi ò tíì pè fún un."