Òkúta Kẹtàdínlógún

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1988, a kó erùpẹ̀ inú afárá Kelbrook kúrò, a sì rí ẹ̀yìn àwọn òkúta tí oòrùn kò kàn láti ìgbà tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti tò wọ́n ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ọkọ̀ agbégẹdú ti wúwo jù fún afárá náà. Kọnkéré la fẹ́ dà lé e, kí ó bá òkúta gbẹ́rù.

Iṣẹ́ tèmi ni láti fi òòlù kan òkúta kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yè á dún bí agogo. Èyí tó ti kú á dún bí igi jíjẹrà. Mo kan ìkẹtàdínlógún, ó dún. Mo gbé òòlù kúrò. Ó tún dún.

"Lachie, ṣé ìwọ lo kàn án?"

Lachie Bramich, ọ̀gá wa, gbójú sókè. "Èmi tí mò ń mu tíì? Ebi ló ń pa etí ẹ."

Mo gbá eruku kúrò lára òkúta náà. Àmì ẹni tó gbẹ́ ẹ wà níbẹ̀: ìlà mẹ́ta, ihò kan. Irú àmì yẹn ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò pé, kí wọ́n lè nà án.

Mo mọ̀ ọ́n. Thirza Gadd, ìyá arúgbó etí odò, ti yà á fún mi láti inú ìwé ìjìyà àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Bàbá àgbà bàbá rẹ̀ ló ni ín. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ló kú sí, kò ní sàréè. Ogójì ọdún ni ìyá náà fi ń wá ohun kan tí ọwọ́ ọkùnrin náà ṣe, kí ó lè fọwọ́ kàn án.

"Jẹ́ kí n lọ pe Mama Gadd."

"Ọkọ̀ kọnkéré ti dé Perth, ìlú tó wà nítòsí yìí. Kí kọnkéré wá gan sínú ọkọ̀ ni?"

"Ìṣẹ́jú ogún péré."

"Sáré, ẹlẹ́sẹ̀ ìjàpá."

Mama Gadd ń sá aṣọ nígbà tí mo dé ilé rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó fi aṣọ náà sílẹ̀.

"Jẹ́ kí n dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì mi. Èèyàn kì í lọ kí ẹbí rẹ̀ lórí òfo."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo dúró. Ó pẹ́ kó tó rí fìlà náà.

Nígbà tí a dé, kọnkéré ti bo gbogbo rẹ̀.

"Ìyá, mo dá wọn dúró títí," ni Lachie wí. "Ẹ má bínú."

Ìyá náà tẹ́tí. "Ta ló ń kan òkúta nísàlẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wa gbọ́ ọ. Títí kọnkéré fi le ni ó ń kàn.

Mama Gadd kú ní oṣù kẹfà. Kò fọwọ́ kan òkúta náà.